Bébà Dà? Bí Ilé Ẹjọ́ Ṣe Ń Wọn Èrú Ìbò

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 2,398,957 fún ìpínlẹ̀ Èkìtì, àga mẹ́fà ni wọ́n sì ní ní ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ìkànìyàn kan náà ka 1,277,714 fún ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ fárígá nígbà náà pé iye yẹn kéré, pé nínú ìkànìyàn tàwọn, àwọn ará ibẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ká tiẹ̀ mú èyí tó kéré, Alímọ̀ṣọ́ ju ìdajì Èkìtì lọ. Àga mélòó ló wá ní? Ẹyọ kan. Láti Ìkòtun dé Ìgàndo, láti Ẹ̀gbẹ́dá, Àkówọnjọ àti Ṣáṣá títí wọ Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ jókòó fún gbogbo wọn ní Àbújá. Àwọn méjì péré ló sì ń lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Aláùsá.

Ìjà orí àga yẹn kì í ṣe ìjà kékeré. Ẹni tó bá gorí rẹ̀ lè ti ibẹ̀ dé ibi gíga: Solomon Olamilekan Adeola, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Yayi, bẹ̀rẹ̀ láti ilé aṣòfin Èkó fún Alímọ̀ṣọ́ ní 2003, ó bọ́ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní 2011, ó sì di sẹ́nétọ̀ fún ìwọ̀-oòrùn Èkó ní 2015. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kì í fẹ́ gbà. Bí wọ́n bá ti kéde èsì tán, tí àwọn kan ń jó, tí wọ́n ń fọn fèrè, àwọn ìyókù á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Kò tíì parí, a ó pàdé ní kọ́ọ̀tù."

Kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń wí ni tìríbúnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò àwọn aṣòfin, tó máa ń jókòó ní Ìkẹjà fún ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ mẹ́ta ni: alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ méjì, ààrẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló sì ń yàn wọ́n. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí á jókòó, wọ́n á bi wá pé ta ló ṣèrú, àwa náà á sì ro ohun tí a rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: bébà dà? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Ìbò mélòó ni àbùkù rẹ̀ bà jẹ́, ṣé iye yẹn sì tó láti yí èsì padà? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àní kí gbogbo àdúgbò ti rí ibi tí wọ́n ti ń pín owó, ọwọ́ òfo ni yóò mú kúrò ní Ìkẹjà.

Àwọn kan á ní ìyẹn ò dáa tó. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tó wà níbẹ̀ kí kọ́ọ̀tù tó lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò sílé aṣòfin ìwọ̀-oòrùn, àwọn èèyàn kò gbà pé ilé ẹjọ́ lè gba ẹ̀tọ́ wọn padà. Bẹntiróòlù ni wọ́n fi dá ẹjọ́ náà. Wọ́n fi wẹ́tìẹ́ sun ilé, wọ́n sun mọ́tò, wọ́n sun ènìyàn, kí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e tó parí, ológun ti gba ìjọba. Ní Oǹdó ní 1983, iná tún sọ nígbà tí wọ́n kéde Akin Omoboriowo ní gómìnà dípò Adekunle Ajasin, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ilé ẹjọ́ rí ẹjọ́ náà gbọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fi Ajasin sílẹ̀ sórí àga rẹ̀. Èyí tó ti kú kò jí, àga nìkan ló padà.

Òfin tí a ń lò yìí kì í ṣe tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ara wọn tẹ́lẹ̀, bí ẹ ti lè rò ó, ẹgbẹ́ tó pọ̀ nínú ilé ló sábà máa ń borí. Òfin ọdún 1868 ló gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún adájọ́. Ọ̀nà yẹn làwa náà ń tọ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún

Lọ́jọ́ tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, bá kéde èsì ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ní ọjọ́ 21 péré. Láàárín ọjọ́ yẹn, yóò wá lọ́yà, yóò kọ ìwé sí INEC fún ẹ̀dà èsì tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, yóò kó àwọn ẹlẹ́rìí jọ, yóò gba ọ̀rọ̀ ẹnu olúkúlùkù wọn sílẹ̀ lórí ìwé ìbúra, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá gbàgbé sílé, ó ti gbàgbé e nìyẹn. Tí ọjọ́ kọkànlélógún bá ti kọjá, kò sí àyè láti fi ẹ̀sùn pàtàkì tuntun kún un. Nínú ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ 2023, ilé ẹjọ́ kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí kan tí wọ́n fi ìwé ìpè kọ́ọ̀tù pè, nítorí pé ìwé ìbúra wọn kò sí nínú ẹrù ọjọ́ àkọ́kọ́.

Tìríbúnà náà ní àkókò tirẹ̀: ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí ẹjọ́ wọlé ni ìdájọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Tí ẹnikẹ́ni bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ 60 ni tìyẹn. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 2010 ló gbé àwọn ọjọ́ yìí kalẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Rauf Aregbesola pe ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2007, oṣù kọkànlá ọdún 2010 ló tó gbàdájọ́. Kayode Fayemi ní Èkìtì náà dúró títí di oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ẹni tí kò yẹ kó wà lórí àga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo sáà tán kí ilé ẹjọ́ tó ní kó dìde. Òfin tuntun wo ààrùn yẹn sàn, ó sì dá òmíràn sílẹ̀: ìjáfara díẹ̀, ẹjọ́ kú. Ọjọ́ tí INEC bá fi falẹ̀ kó tó fún ẹ ní ìwé, inú ọjọ́ rẹ ló ti ń yọ. Lọ́yà ẹni tó wọlé náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí àtakò lórí àmì ìdánudúró àti nọ́ńbà ojú ewé fi ń pọ̀ lójijì lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni olùpẹ̀jọ́ lè sọ? Òfin ìdìbò ọdún 2022, tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, fún un ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè ní ẹni tó wọlé kò kúnjú òṣùwọ̀n láti díje. Ó lè ní ìwà ìbàjẹ́ tàbí àìtẹ̀lé òfin ti ba ìdìbò náà jẹ́. Ó sì lè ní kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìbò tó tọ́ ni wọ́n fi yàn án. Ọ̀nà kejì ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ní ìta, òun náà ló sì ń pa olùpẹ̀jọ́ jù nínú kọ́ọ̀tù. Òfin kan náà tún sọ pé bí ìdìbò bá ti tẹ̀lé ìlànà dé ibi tó yẹ, tí àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì yí èsì padà, kí adájọ́ má ṣe fọwọ́ kàn án.

EC8A

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ aṣòfin ti ń kú tàbí tí ó ti ń yè, ẹ má wo Ìkẹjà. Ẹ wo tábìlì ọlọ́pọ́n kan lábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Ìkòtun, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí òṣìṣẹ́ INEC bá ń kọ fọ́ọ̀mù EC8A. Ìwé kan ṣoṣo ni. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó náà wà lórí rẹ̀, iye àwọn tí ẹ̀rọ BVAS dá mọ̀ lọ́jọ́ náà, iye bébà ìbò tó lò, èyí tó ṣẹ́kù, èyí tó bàjẹ́, àti ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀. Àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ náà á fọwọ́ sí i, kálukú á gba ẹ̀dà tirẹ̀. Wọ́n á lẹ èyí tí wọ́n ń pè ní EC60E mọ́ ògiri kí ará àdúgbò lè kà á. Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ti ń lọ sí wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù dé ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọwọ́ bá yí i lójú ọ̀nà, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì yẹn lohun ìjà àkọ́kọ́.

Ta wá ni ejẹ́ǹtì? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin àdúgbò kan ni, tí ẹgbẹ́ fún ní owó oúnjẹ díẹ̀ ní òru tó ṣáájú. Ebi ti ń pa á láti ọ̀sán. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òjò ṣú. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i, ó ká bébà sápò, ó wá kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé ní Ìgàndo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é pé kó wá jẹ́rìí pé wọ́n dìbò ju iye ènìyàn lọ ní ibùdó rẹ̀. Ó dé Ìkẹjà, ó bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó búra. Lọ́yà ẹgbẹ́ kejì dìde, kò pariwo. Ṣé ẹ̀yin ni ejẹ́ǹtì níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ọwọ́ yín nìyí lábẹ́ ìwé yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnikẹ́ni nà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Rárá. Ṣé ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn kankan fún òṣìṣẹ́ INEC lọ́jọ́ yẹn? Rárá. Lọ́yà náà á dúpẹ́, á jókòó. Ibùdó ìdìbò kan ti lọ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ibùdó kan ni Alímọ̀ṣọ́ ní. Èkó lápapọ̀ ní ibùdó tó lé ní 13,000 lẹ́yìn tí INEC fi kún un ní 2021, ìjọba ìbílẹ̀ yìí sì wà lára àwọn tí tiwọn pọ̀ jù. Tí èrú bá ṣẹlẹ̀ ní ibùdó 200, ẹlẹ́rìí láti ibùdó 200 ni ilé ẹjọ́ ń retí. Òfin kọ ẹ̀rí gbọ́-n-gbọ́. Alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó sọ pé "àwọn ejẹ́ǹtì wa ròyìn fún mi" kò rí nǹkan kan lójú adájọ́. Ìwé tí lọ́yà bá ru wọlé nínú àpò "Ghana Must Go", tí kò mú ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wá, adájọ́ kò ní bá a tú u wò nínú yàrá rẹ̀. Òfin 2022 gbìyànjú láti dẹ okùn yìí díẹ̀, ó ní kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wá sọ̀rọ̀ bí àìtẹ̀lé òfin náà bá hàn gbangba lórí ìwé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹjọ́ ti di ọ̀rọ̀ "hàn gbangba" yẹn mú ṣinṣin.

Ẹjọ́ Ọ̀ṣun ló kọ́ gbogbo lọ́yà ìdìbò lẹ́kọ̀ọ́ jù. Gómìnà ni wọ́n jà sí, àmọ́ òfin ẹ̀rí kan náà ni wọ́n fi ń wọn àga aṣòfin. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù keje ọdún 2022, Adegboyega Oyetola ní ìbò ju iye ènìyàn tí BVAS dá mọ̀ lọ ní ibùdó tó lé ní 700. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2023, tìríbúnà gbà fún un, wọ́n ní kí Ademola Adeleke kúrò lórí àga. Kò tó oṣù méjì, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dojú ìdájọ́ náà bolẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fi òǹtẹ̀ tì í ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìwé tí Oyetola gbé wá jẹ́ àkọsílẹ̀ tí INEC yọ láti orí sáfà rẹ̀ kí gbogbo ẹ̀rọ tó fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ tán. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rọ BVAS gan-an ni kó gbé wá, pẹ̀lú ìwé orúkọ olùdìbò àti EC8A ibùdó náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó pọn dandan. Láti ọjọ́ náà, lọ́yà tó bá pariwo ìbò àpọ̀jù láìní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, ariwo lásán ló ń pa.

Dìbò kí o sebẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ láti Èkìtì ní 2018. Ní Alímọ̀ṣọ́ náà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Fífún olùdìbò lówó tàbí gbígbà á jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala 121 òfin ìdìbò ọdún 2022: owó ìtanràn tó lè dé ₦500,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì. Ìwà jàǹdùkú, jíjí àpótí ìbò àti lílo orúkọ ẹlòmíràn dìbò náà ní ìjìyà tiwọn.

Ìyẹn gan-an ni ìṣòro olùpẹ̀jọ́. Nígbà tó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n fi owó ra ìbò, ó ti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ènìyàn. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sì sọ pé níbikíbi tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá ti yọjú, ì báà jẹ́ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi í múlẹ̀ dé ibi tí iyèméjì kò ní sí mọ́. Kò tún tán síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùdíje fúnra rẹ̀ ló ṣe é, tàbí pé ó rán ẹni tó ṣe é, tàbí pé ó mọ̀ nípa rẹ̀ tó sì fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, yóò fi hàn pé owó yẹn ló yí èsì padà. Ìyá aláta tó gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣé yóò wá sí Ìkẹjà wá sọ ọ́? Tó bá sọ ọ́, òun náà ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló sì mọ orúkọ ọkùnrin onífìlà?

Nítorí náà, agbẹjọ́rò tó gbọ́n máa ń gba oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn láti yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò. Á ní, ẹ jẹ́ ká bá nọ́ńbà lò, nọ́ńbà kò nílò láti mọ ẹni tó ṣe é. Bí ìwà ìbàjẹ́ tí gbogbo ènìyàn rí ṣe ń pòórá kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ìṣirò nìkan á sì kù. Mi ò dá lọ́yà lẹ́bi. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ló gbà.

Ìṣirò yẹn sì ti gba àga lọ́wọ́ ènìyàn ńlá. Ní 2019, INEC fi àlàfo ìbò tó lé ní 23,000 kéde Dayo Adeyeye, ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì, ní sẹ́nétọ̀ fún gúúsù Èkìtì. Ó tilẹ̀ ti di agbẹnusọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Biodun Olujimi láti Ọ̀mùò kó ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan lọ sí tìríbúnà, wọ́n yọ ìbò àwọn ibi tí òfin ti yẹ̀, wọ́n tún ìyókù kà, Olujimi ló sì wá síwájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìdájọ́ náà. Agbẹnusọ dìde, Olujimi jókòó. Lọ́dún kan náà, láàárín àwọn Ọkùn ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, Dino Melaye tí wọ́n kéde pẹ̀lú 85,395 sí 66,901 ti Smart Adeyemi pàdánù ní tìríbúnà ní oṣù kẹjọ àti ní kòtẹ́milọ́rùn ní oṣù kẹwàá. Wọ́n pàṣẹ àtúndì ìbò, Adeyemi ló sì wọlé nígbẹ̀yìn.

Àwọn ìlú mìíràn ti dá ẹjọ́ ìwà ìbàjẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti nọ́ńbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, adájọ́ Jagmohanlal Sinha ní ilé ẹjọ́ gíga Allahabad wọ́gi lé ìdìbò Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò tó lé ní 100,000 ló fi na Raj Narain. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti bá a ṣiṣẹ́ ìpolongo kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì kan pèpéle fún un láti dúró sọ̀rọ̀. Pèpéle! Ní Èkó níbí, ta ló ń ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀? Adájọ́ náà fòfin dè é fún ọdún mẹ́fà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá náà kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n yí òfin ìdìbò padà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá a láre lórí òfin tuntun náà ní oṣù kọkànlá.

Èyí tó tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ni ti Phil Woolas ní Bìrìtìkó. Ìbò 103 péré ló fi wọlé ní Oldham East and Saddleworth ní 2010. Alátakò rẹ̀, Elwyn Watkins, pè é lẹ́jọ́ pé ó parọ́ mọ́ òun nínú ìwé ìpolongo, pé òun ń wá ojú rere àwọn agbawèrèmẹ́sìn. Òṣùwọ̀n ẹ̀rí tí adájọ́ méjì náà lò kò rọrùn ju tiwa lọ, àìníyèméjì kan náà ni. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n fagi lé ìdìbò náà, wọ́n sì ní kí ó má díje fún ọdún mẹ́ta. Kí ló mú tiwọn rọrùn? Woolas fúnra rẹ̀ ló tẹ irọ́ náà sórí bébà, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Owó tí wọ́n fún ìyá aláta ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn adájọ́ fúnra wọn ńkọ́? A kò lè fo ìyẹn. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ yọ adájọ́ méjì kúrò ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ àga sẹ́nétọ̀ gúúsù Anámbra. Ní 2013, àjọ tó ń rí sí ètò ìdájọ́, NJC, ní kí adájọ́ Thomas Naron fẹ̀yìn tì ní dandan, nítorí pé nígbà tó ń darí tìríbúnà Ọ̀ṣun, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà ẹjọ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ tú àṣírí ìpè náà. Adájọ́ tó mọ́ pọ̀ ju àwọn wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yìí ni ará ìlú fi ń wo gbogbo ìdájọ́ tí kò bá yé wọn.

Ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí mìíràn tí àwọn aṣòfin nìkan ń jẹ níyà. Ẹjọ́ gómìnà àti ààrẹ lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ẹjọ́ aṣòfin kò lè kọjá kòtẹ́milọ́rùn, abala 246 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé tí aṣòfin bá ń jà sí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn kí ìdìbò gan-an tó wáyé, ó lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Bí Ahmad Lawan àti Bashir Machina ṣe dé ibẹ̀ ní 2023 lórí tíkẹ́ẹ̀tì APC ní àríwá Yobe nìyẹn. Ìjà abẹ́lé ẹgbẹ́ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ìjà láàárín ẹni tí àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ yàn àti ẹni tí wọn kò yàn ní méjì.

Plateau ló fi ìrora rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yọ àwọn aṣòfin PDP níbẹ̀, 16 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nìkan, láìka àwọn tó wà ní Àbújá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kò tẹ̀lé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ìpàdé àpapọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò ní ẹ̀ka tó lè fa olùdíje kalẹ̀. Gómìnà Caleb Mutfwang bá wọn ṣubú lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n òun ní àtẹ̀gùn tó kù láti gùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a padà, ó ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, kò kan alátakò, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò sì yẹ kó fọwọ́ kàn án. Adájọ́ kan tilẹ̀ káàánú lójú kọ́ọ̀tù pé ìdájọ́ ìsàlẹ̀ yẹn ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí wọ́n yọ kò ní ibi tí wọ́n máa gbé àánú náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú àga wo ló yẹ kó ní àtẹ̀gùn púpọ̀ jù bí kì í bá ṣe èyí tó sún mọ́ wa?

Mo gbà pé ẹjọ́ aṣòfin pọ̀, àti pé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yóò rì sínú rẹ̀ bí gbogbo wọn bá ń débẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí ọ̀nà kan wà fún ibi tí kòtẹ́milọ́rùn bá ti ṣe ìpinnu méjì tó ta kora lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ti owó àti jàǹdùkú, kì í ṣe tìríbúnà ni ibi tó yẹ ká máa gbé wọn lọ, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Kọ́ọ̀tù ọ̀daràn ni. Níbẹ̀, ìjọba ló ń pẹjọ́, kì í ṣe ẹni tó fìdí rẹmi, kò sì sí ọjọ́ 180 tó ń lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ti ṣe é rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ní Ikot Ekpene rán ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan, Peter Ogban, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta pẹ̀lú owó ìtanràn ₦100,000, nítorí pé ó yí èsì ìdìbò sẹ́nétọ̀ ní 2019 níbi tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń kéde èsì. Òun nìkan ló jókòó sí ibi olùjẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà Mohammed Uwais ti dábàá ní 2008 pé kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju pípe irú àwọn ọ̀daràn ìdìbò báyìí lẹ́jọ́. Títí a fi dìbò ní 2023, kò sí àjọ náà. INEC tó ṣètò ìdìbò ló tún gbọ́dọ̀ pe àwọn tó bà á jẹ́ lẹ́jọ́, títí kan òṣìṣẹ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, abala kan wà nínú òfin 2022 tí àwọn lọ́yà ìdìbò kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, abala 144. Ó sọ pé bí tìríbúnà bá rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹjọ́ ìdìbò, tó sì dábàá kí wọ́n pe ẹnì kan lẹ́jọ́, INEC gbọ́dọ̀ gbé àbá náà yẹ̀ wò. Ẹni tó bá pàdánù ní Alímọ̀ṣọ́, tí ìṣirò ìbò rẹ̀ kò tó láti gba àga, ṣì lè bẹ adájọ́ mẹ́ta náà ní Ìkẹjà kí wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin onífìlà yẹn sínú ìdájọ́ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá ti lè fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ níwájú wọn.